Kí Ẹ Tó Ra Iná Ìràwọ̀ fún Ọmọ Yín

Lára ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ ìlú Èkó ń béèrè lọ́wọ́ òbí wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní iná ìràwọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní "galaxy light". Bí wọ́n bá pa iná yàrá tí wọ́n sì tan ẹ̀rọ yìí, àjà ilé yóò kún fún ẹyọ iná wẹ́wẹ́, bí ẹni pé òrùlé ti ṣí tí sánmà sì ti wọlé. Ní àdúgbò bíi Mafolúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ó rọrùn láti mọ ìdí tí òbí fi ń ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iná pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà nítòsí, iná òpópónà tó lọ síbẹ̀ wà nítòsí, ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì tí wọ́n ṣí ní 2019 náà kò sì jìnnà. Òru ibẹ̀ kì í dúdú tán. Ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Old Ewu Road lè ti mọ iná ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ balẹ̀ dáadáa kó tó mọ orúkọ ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìràwọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fi hàn, iná lásán ni. Fún ọmọ tó kàn fẹ́ iná tó rẹwà kó tó sùn, kò sí aburú níbẹ̀. Fún ọmọ tó ń nàka sókè, tó ń béèrè pé "èwo nìyí, kí ló dé tí tọ̀hún fi pọ́n?", ọ̀tọ̀ ni ohun tó yẹ kí a rà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa, ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ní 1998 ni wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NASRDA sílẹ̀, nígbà tó sì di 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 2017, òmíràn tí wọ́n ń pè ní NigeriaEduSat-1, tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, bọ́ sí òfurufú.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé, ì báà jẹ́ ní ọjà Òṣòdì, ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èkínní ni èyí tó rí rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù, tàbí tí wọ́n ṣe bí ìjàpá, tí wọ́n dá ihò sí lára. Gílóòbù kékeré ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa gba ojú ihò náà jáde. Òun ló sábà máa ń dínwó jù. Ìràwọ̀ ibẹ̀ ní igun márùn-ún, bí èyí tí ọmọ jẹ́léósinmi ń yà sínú ìwé. Ó dára fún ọmọ ọwọ́ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni èyí tó ń lo iná lésà. Lésà kan péré ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n gíláàsì kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fa ìlà tín-ín-rín sí lára, ìlà wọ̀nyí ló ń pín ìtànṣán kan náà sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyọ iná aláwọ̀ ewé. Wọ́n á tún fi iná aláwọ̀ aró àti àlùkò kún un, tí yóò máa rìn lára ògiri bí ìkuukùu. Ó wuni láti wò, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú ẹyọ iná náà tó dúró fún ìràwọ̀ kankan lókè. Èyí ni wọ́n sábà ń polówó jù gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀kọ́, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ kéré sí jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní lẹ́ǹsì àti àwo. Wọ́n tẹ àwòrán sánmà gan-an sára àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n ń kì í bọ inú ẹ̀rọ, iná funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ǹsì á sì gbé àwòrán náà lọ sára àjà. Ẹ lè yọ àwo kan kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn ni Homestar, tí ilé-iṣẹ́ Sega Toys ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 2005 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Takayuki Ohira, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe Megastar fún àwọn gbọ̀ngàn ńlá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Homestar Classic ń fi nǹkan bí 60,000 ìràwọ̀ hàn. Lójú tiwa, iye yẹn ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Kódà ní oko tó ṣókùnkùn biribiri, ìràwọ̀ tí èèyàn lè fi ojú lásán rí lẹ́ẹ̀kan náà kò ju bí 2,000 sí 3,000 lọ, ní Mafolúkù ẹ̀wẹ̀, ẹ lè ka èyí tó hàn. Ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dá ìràwọ̀ mọ̀ yóò tètè rí ọ̀nà rẹ̀ lórí àwo tó ní ìwọ̀nba ìràwọ̀, tí wọ́n sì fa ìlà so àwọn tó jẹ́ àkójọ kan pọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí dá yín lójú.

Àwòrán ara páálí náà kò ṣe é gbà gbọ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà fi ń yà á. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà. Bí sọ́ọ̀bù bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé e sínú páálí ńlá tàbí sábẹ́ tábìlì. Ẹ wo bí ẹyọ iná rẹ̀ ṣe rí. Bí gbogbo wọn bá tóbi bákan náà, tí wọ́n sì mọ́lẹ̀ bákan náà, kì í ṣe sánmà, nítorí ìràwọ̀ òkè kì í dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, tí mẹ́rin mìíràn sì yí wọn ká bí ẹni fẹ́ ṣe àpótí. Àkójọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Orion. Ó wà lágbedeméjì sánmà, nítorí náà ó yẹ kó wà lórí àwo àríwá, ó sì yẹ kó wà lórí àwo gúúsù. Ẹ̀rọ tí kò bá ní Orion, iná ni ẹ rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ronú dé ló kàn yìí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Sánmà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Polaris, tó dúró sí orí àríwá ayé, tí àwọn yòókù ń yí po. Bí ìlú kan bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ni Polaris yóò ṣe ga lójú ọ̀run tó níbẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí ìlà náà tó dígírì 51 ààbọ̀, nítorí náà Polaris ga ju ìdajì sánmà wọn lọ. Èkó kò jìnnà sí i ju nǹkan bíi dígírì 6 ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá na apá yín síwájú tán tí ẹ sì di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó nǹkan bíi dígírì 10. Ìyẹn ni pé Polaris kò ga tó ẹ̀ṣẹ́ kan kúrò nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ògiri ilé aládùúgbò ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oníàwo ní lọ́kàn. Àwo tó bá ẹ̀rọ náà wá sábà máa ń jẹ́ ti sánmà àríwá, tí Polaris wà láàrin gbùngbùn, tí gbogbo nǹkan sì ń yí i ká. Ìṣòro yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Zeiss ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ẹ̀rọ planetarium àkọ́kọ́, tí wọ́n fi han àwọn èèyàn ní ìlú Munich ní 1923, nǹkan bí 4,500 ìràwọ̀ ló ń gbé jáde, ẹnu sì ya gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n sánmà Munich nìkan ló lè fi hàn. Ìgbà tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ kejì, ní 1926, ni wọ́n tó lè fi sánmà àríwá àti ti gúúsù hàn pọ̀. Ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ tún ṣe lọ́dún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé kò tíì tún un ṣe títí di òní.

Ẹ wá wo bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham ra ẹ̀rọ olówó ńlá, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Mafolúkù. Ọmọ náà kọ́ gbogbo ohun tó wà lórí àjà, ó mọ Polaris, ó mọ ìràwọ̀ méje tó rí bí ìgbákọ tó wà nítòsí rẹ̀. Ó wá gun òkè dẹ́kíńgì lálẹ́, ó gbójú sókè láti wá Polaris ní ọ̀gangan orí bó ṣe rí i nínú yàrá, kò rí nǹkan kan. Kò ní rò pé àwo náà ni kò bá ìlú rẹ̀ mu, yóò rò pé òun ni kò mọ ìràwọ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ìyẹn sì ń fi dù ú kò kéré. Nítorí pé a sún mọ́ agbedeméjì ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìràwọ̀ kan tí kì í yọ lójú sánmà Èkó láàrin ọdún. Canopus, tó ṣe ìkejì nínú ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí i láti ilé rẹ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkójọ ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe àgbélébùú, tí wọ́n ń pè ní Crux. Àwọn méjèèjì ń kọjá lókè Òṣòdì lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ní àwo àríwá àti ti gúúsù ni kí ẹ wá, tàbí èyí tí ẹ lè ra àwo gúúsù rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bí wọ́n bá ṣì ń ta àwo náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú wé ojú, ètò kan wà fún kọ̀ǹpútà àti fóònù tí wọ́n ń pè ní Stellarium. Ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ sọ fún un pé Èkó ni ẹ wà, yóò sì fi ohun tó wà lórí yín ní wákàtí náà hàn yín.

Ọmọ tó gbọ́n yóò béèrè pé Àgùàlà dà lórí àwo. Kò sí níbẹ̀, kò sì lè sí níbẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "ń rìn". Pílánẹ́ẹ̀tì ni Àgùàlà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Àwọn ìràwọ̀ tòótọ́ kì í kúrò níbi tí wọ́n wà sí ara wọn, ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì ń ṣí kiri láàrin wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ sójú kan lórí àwo. Òbí tó bá lè ṣàlàyé èyí fún ọmọ rẹ̀ ti ṣe ju ohun tí ìwé pélébé inú páálí lè ṣe lọ. A. B. Ellis, òyìnbó tó kọ ìwé nípa àwọn Yorùbá ní 1894, tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pe Sirius, nítorí pé àwọn atukọ̀ gbà pé ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Sirius yìí ló mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìràwọ̀ òru. Ẹ tọ ìlà ìràwọ̀ mẹ́ta inú Orion lọ sápá gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ óò bá a níbẹ̀, yálà lójú ọ̀run tàbí lára àjà.

Ọ̀rọ̀ ewu kù. Ẹ̀rọ oníàwo kò fi bẹ́ẹ̀ ní ewu fún ojú, yàtọ̀ sí pé kí ọmọ má tẹjú mọ́ lẹ́ǹsì náà. Ti lésà lẹ̀rù ń bà wá sí. Wọ́n máa ń kọ ìpele agbára lésà sára ẹ̀rọ, láti ìpele 1 tí kò léwu títí dé ìpele 4 tó lè jó ara. Ní 2014, àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré nímọ̀ràn pé kí lésà inú rẹ̀ má kọjá ìpele 1. Bí ẹ bá yí ẹ̀rọ náà wò tí ẹ kò rí ìpele kankan lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Lóòótọ́, àjọ SON bẹ̀rẹ̀ ètò SONCAP ní 2005 láti rí i pé ọjà òkè òkun, títí kan ohun ìṣeré ọmọdé, ní ìwé ẹ̀rí kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó kó ọjà wọlé ni ìwé náà máa ń wà, ẹni tó ń ra ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ títì kì í rí i.

Fún ará Mafolúkù, ọ̀rọ̀ lésà tún ní apá kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbé e jáde sí bákónì kó máa tàn án sójú sánmà. Ọkọ̀ òfurufú tó ń balẹ̀ kò jìnnà sí òrùlé yín, lésà tó bá kan gíláàsì iwájú rẹ̀ lè fọ́n ká, kó sì dí awakọ̀ lójú ní àkókò tó nílò ojú rẹ̀ jù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 lè fi ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Inú yàrá ni kí ẹ̀rọ náà máa gbé.

Ewu tí ojú kì í tètè rí ni rìmóòtù. Ọ̀pọ̀ iná lésà wọ̀nyí ló ń bá rìmóòtù kékeré wá, bátìrì pélébé bíi bọ́tìnnì ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tí èékánná lásán lè fà jáde. Bí ọmọ kékeré bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí méjì péré. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe ṣe òfin kan ní 2022 tó ń béèrè pé kí ilé bátìrì yìí má ṣe é ṣí wẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi ìdè onískúrù dè ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ti ra èyí tí kò ní, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa fi ọwọ́ tan ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá sì fura pé ọmọ ti gbé ọ̀kan mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ohun tí yóò bì.

Ní ti iná ìjọba, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Ẹ̀rọ tó ń lo okùn USB sàn ju èyí tó gbọ́dọ̀ wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí power bank lè gbé e. Èyí tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà dára. Kò yẹ kí èèyàn tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìràwọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, nítorí ọmọ yóò sùn ṣáájú rẹ̀. Nǹkan bíi mítà méjì ló yẹ kó wà láàrin ẹ̀rọ oníàwo àti àjà kí àwòrán tó mú, bí àjà yín bá sì dúdú tàbí tí òjò ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ẹ ta aṣọ ibùsùn funfun sókè.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè fi agolo Mílò ṣe tirẹ̀, a kò sì fi ṣe àwàdà. Ẹ ya Orion sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dojú bébà náà dé ìdí agolo láti ìta kí àwòrán má bàa padà sódì, kí ẹ wá fi ìṣó lu ihò sí ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ihò ńlá fún èyí tó mọ́lẹ̀, ihò kékeré fún èyí tó rọra ń tàn. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé iná fóònù sí ẹnu agolo, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí àjà. Tọ́ọ̀ṣì tó ní gílóòbù púpọ̀ kò ní ṣe é, ihò kan yóò di ìràwọ̀ mẹ́wàá. Fóònù tí iná rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ló dára jù. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò méje yẹn kò ní tètè gbàgbé ibi tí wọ́n wà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ní, ẹ máa fi òkè wò ó. Alẹ́ tí Ikeja Electric bá mú iná gbogbo àdúgbò lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìràwọ̀ máa ń pọ̀ sí i lójú ọ̀run Mafolúkù, alẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí ó dá sì tún dára ju ti ìgbà ọyẹ́ tí eruku gba òfurufú lọ. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, Orion fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan orí yín. Ní àárín oṣù Karùn-ún, ní irú aago kan náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí Ìkẹjà kí ojú yín lè wo gúúsù, ẹ wọn ẹ̀ṣẹ́ méjì ààbọ̀ sókè láti ìsàlẹ̀ sánmà. Crux ló wà níbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìràwọ̀ ńlá méjì lápá òsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń nàka sí i. Bí ọmọ bá ti rí i, kí ẹ wọlé, kí ẹ fi àwo gúúsù sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá a lára àjà.